Eku Tí A Fi Wádìí Ọkọ Àǹtí Ràbí

Ọkọ̀ ojú irin kò jí mi rí ní ilé wa ní Agége, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé wa ló ń gbà kọjá. Eku ló ń jí mi. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ni wọn á ti máa fi eyín ha wáyà àgò wọn, ariwo náà á dà bí ìgbà tí ènìyàn mélòó kan ń fi ọ̀bẹ ha ìdí ìkòkò, nítorí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo ń gbé oúnjẹ wọn wá. Mo sọ pé wọ́n mọ̀. N kò lè fi ìyẹn búra. Ó lè jẹ́ pé ebi lásán ni. Yàrá onípáànù kan lẹ́yìn ilé ìdáná ni wọ́n ń gbé. Èèpo búrẹ́dì, ẹ̀kọ àná àti orí ẹja gbígbẹ ni mo ń pín fún wọn, àgò kan tẹ̀lé òmíràn, kí n tó lọ fọwọ́, kí n sì jókòó ti ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà tèmi. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, a máa sọ pé ilé wa nìkan ni àwọn mọ̀ tí eku ti ń jẹun ṣáájú ọmọ onílé. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Ẹ̀rín kì í sí níbẹ̀.

Iṣẹ́ bàbá mi ló fà á. Wọ́n ń tọ́jú ẹranko ní ilé ìwádìí ìjọba kan tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti ilé wa. Eku funfun tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun ni wọ́n ń lò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, irú eku tí ènìyàn lè gbé sí àtẹ́lẹwọ́ kó máa fọ ojú rẹ̀. Nígbà tí àìsàn kan kó wọn lọ, ọ̀gá wọn, òyìnbó kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní kí wọ́n máa mú eku ilẹ̀ wa, àwọn eléérú ńláńlá tó ń gbé inú ilé tí wọ́n ń kó obì sí. Àwọn yẹn gé gbogbo ènìyàn jẹ. Òṣìṣẹ́ méjì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bàbá kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n kàn ń wo àwọn eku náà. Nídìí oúnjẹ lọ́jọ́ kan, wọ́n sọ fún wa pé eku kọ̀ọ̀kan ló ní bí tirẹ̀ ṣe rí: òmíràn á fò mọ́ ọwọ́ kí ọwọ́ tó wọlé tán, òmíràn á sá sí kọ̀rọ̀, ìkan péré láàárín ọ̀pọ̀ á kàn dúró, á máa wo ènìyàn. Wọ́n ní bí àwọn bá ń so èyí tó dúró pọ̀ mọ́ èyí tó dúró, tí àwọn sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìran dé ìran, àwọn kò mọ ìdí tí eku Agége kò fi ní dà bíi ti òyìnbó. Ìyá mi bu ọbẹ̀ kún tiwọn. Wọ́n ní, “Níbo lẹ ti fẹ́ ṣe é?” Bàbá wo apá ẹ̀yìn ilé ìdáná. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, eku sì ti dé ìran kẹfà. Bàbá ní ìbọ̀wọ́ awọ kan tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí ọmọ eku bá ti pé ọ̀sẹ̀ méje, wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́ náà, wọ́n á ti ọwọ́ bọ inú àgò, wọ́n á ka ení dé ẹẹ́wàá, èmi á sì kọ ohun tí eku ṣe sínú ìwé: ó gé, ó sá, tàbí ó dúró. Àwọn tó dúró nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n bímọ ní apá òsì yàrá náà. Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n tún ṣe apá ọ̀tún, níbi tí àwọn tó burú jù nìkan á ti máa bímọ. Nígbà tí Bàbá bi í léèrè ohun tí a fẹ́ fi ìyẹn ṣe, èsì rẹ̀ tí wọ́n túmọ̀ fún wa ni pé ẹni tó ní igbá kan ṣoṣo kò lè sọ bóyá igbá náà tóbi. Ìyá Àgbà sọ apá òsì ní ilé onísùúrù, wọ́n sọ apá ọ̀tún ní ilé oníjà. Orúkọ náà mọ́ wọn lára. Bí mo bá gba iwájú ilé oníjà kọjá, wọn á fò lu wáyà pẹ̀lú igbe. Àwọn ti òdì kejì á kàn máa nu irùngbọ̀n. Òfin kan ṣoṣo ló wà fún mi: mo lè gbé oúnjẹ wọlé, ṣùgbọ́n n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan eku kankan kí Bàbá tó dán an wò.

Ìgbà mìíràn, ọ̀gá wọn a ní kí wọ́n la inú díẹ̀ nínú eku apá méjèèjì wò, èmi á sì mú abọ́ dání. Lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ni kókó kékeré kan wà. Ti onísùúrù kò tó ọkà bàbà. Ti oníjà tóbi jù ú lọ díẹ̀. Mo rò pé mo rí i. Ọmọ tí wọ́n bá ti sọ ohun tó máa rí fún, ó máa ń rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn ní òṣùwọ̀n kan, ohun kan náà ni òṣùwọ̀n sọ, òṣùwọ̀n kò sì gbọ́ Yorùbá. Lónìí tí mo ti ka ìwé nípa rẹ̀ ní yunifásítì, mo mọ̀ pé kókó yẹn ló ń tú họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀rù bá ba ẹranko, kí ọkàn rẹ̀ lè máa sáré, kó lè múra ìjà tàbí kó múra àtisá. Eku tí kókó rẹ̀ kéré, ẹ̀rù kì í tètè bà á. Ìyẹn ni pé àwọn tí a ń pè ní oníjà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojo ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ èyí nílé wa nígbà yẹn. N kò rò pé ì bá dín wàhálà wa kù.

Wàhálà náà dé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ràbíátù, tí mò ń pè ní Àǹtí Ràbí. Wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ tán, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni ẹ̀rọ ìránṣọ wọn wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Bọ̀dá Gàníyù, tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tuntun kan ní Ìkẹjà tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ tánganran, gbé ṣòkòtò wá pé kí wọ́n bá òun dín in kù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, Bọ̀dá Gàníyù ṣì ń gbé ṣòkòtò náà wá. Ìyá Àgbà ní bó ṣe ń lọ yìí, ṣòkòtò ọmọ náà máa tó di fìlà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí Bàbá, wọ́n ṣe ohun tí bàbá gbogbo ń ṣe, wọ́n rán ènìyàn lọ wádìí ìdílé ọkọ. Èsì dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí wèrè níbẹ̀, kò sí ẹ̀tẹ̀, kò sí olè. Ṣùgbọ́n bàbá Bọ̀dá Gàníyù, ẹni tí gbogbo Agége mọ̀ sí Bàbá Olóbì, ti lu onímọ́tò kan rí, wọ́n ti lu agbowó-orí, wọ́n sì ti gbé apẹ̀rẹ̀ obì ju lu ẹni tó fẹ́ rà á. Bàbá tó bí Bàbá Olóbì pàápàá, ẹni tó lọ wádìí sọ pé ọgbẹ́ ìjà ni wọ́n gbé wọ sàréè.

“Ìdílé oníjà ni,” Bàbá sọ. Ohùn wọn kò lọ sókè. N kò tíì gbọ́ kí ohùn wọn lọ sókè rí.

“Bàbá, Gàníyù ò tíì lu ẹnikẹ́ni,” Àǹtí Ràbí sọ.

“Kò tíì.”

“Wọn ò sì tọ́ ọ nílé yẹn. Àbúrò ìyá rẹ̀, aáfà kan ní Ìṣẹ́yìn, ló mú un lọ nígbà tó já lẹ́nu ọmú. Ọ̀dọ̀ aáfà ló dàgbà sí. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, Bàbá, ṣé kì í di ọṣẹ ni?”

“Á di ọṣẹ lójú. Ràbí, ìran mẹ́fà ni mo ti so eku pọ̀. Èyí tó ń gé kì í bí èyí tí kì í gé.”

“Ìyá tó ń gé náà ló ń tọ́ wọn. Ṣé ẹ ti gba ọmọ lọ́wọ́ oníjà rí, kí ẹ gbé e fún onísùúrù kó fún un lọ́mú?”

Mo ti jókòó sí kíláàsì àwọn ọ̀mọ̀wé láti ìgbà náà, n kò sì rò pé mo ti gbọ́ ìbéèrè tó dáa ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bi í kò kàwé kọjá sítáńdáàdì kejì, ọkọ ló ń wá.

“N ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí,” Bàbá sọ.

“Ẹ ṣe é. Bí ọmọ oníjà bá dàgbà lọ́dọ̀ onísùúrù tó sì ń gé ènìyàn jẹ, màá ní kí Gàníyù máa gbé ṣòkòtò rẹ̀ lọ síbòmíràn. Bí kò bá gé, ẹ ó gbà fún wa.”

“Mo gbà.”

Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ, wọn kò gbójú sókè. “Eku lẹ wá fẹ́ fi ṣe alárinà,” ni wọ́n wí.

Abiyamọ méjì bímọ láàárín ọjọ́ kan, ìkan ní apá òsì, ìkan ní apá ọ̀tún, mẹ́jọ mẹ́jọ. Ìbẹ̀rù Bàbá ni pé eku máa ń pa ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ jẹ. Ìyá Àgbà ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ yí àwọn ọmọ náà nínú koríko ibùsùn ìyá tí wọ́n ń lọ bá. Wọ́n ní òórùn ni ìyá fi ń mọ ọmọ, pé àwa náà bẹ́ẹ̀, a kàn ń ṣe bí ẹni pé ojú la fi ń mọ̀ ọ́n ni. Bàbá yí wọn, wọ́n sì pààrọ̀ wọn fún ìyá méjèèjì. Ìyá méjèèjì gbóòórùn wọn, wọ́n sì dùbúlẹ̀. Kò sí ìkankan tó kú. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ilé ń bá mi kí wọn. Ìyá mi tí kì í fẹ́ dé yàrá náà ń béèrè lọ́wọ́ mi nídìí ọbẹ̀ bóyá ojú àwọn ọmọ ti là. Bọ̀dá Gàníyù náà ń béèrè láti ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ṣòkòtò lọ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Àǹtí Ràbí pè mí síbi ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Wọ́n ń kán epo sí i.

“Sìdí, àwọn ọmọ oníjà yẹn, bí o bá ń gbé oúnjẹ wọlé, máa gbé wọn díẹ̀. Máa fọwọ́ ra wọ́n lára.”

“Bàbá ní n ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n.”

“Mo mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ọwọ́ rẹ ò ní wúwo sí wọn lára.”

“Wọ́n á gé mi, Àǹtí.”

“Kí ni wọ́n fẹ́ fi gé ọ? Wọn ò tíì ní eyín gidi.”

Mo ṣe é. Mo fẹ́ràn Àǹtí Ràbí. N kò rí ìdí mìíràn, mo sì ti wá a. Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí mo fi ń gbé àwọn mẹ́jọ náà ní ìkọ̀ọ̀kan láàárọ̀, kí Bàbá tó dé láti ìdí àdúrà. Nígbà tí eyín gidi dé, méjì nínú wọn fi hàn mí ní ìka àárín. Mo fi ọwọ́ òsì pamọ́ nídìí oúnjẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sì ṣòro, ọ̀tún la fi ń jẹun.

Bàbá dán wọn wò ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun. Gbogbo wa kún yàrá onípáànù náà, ooru mú, Àǹtí Ràbí sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú tépù ìwọnṣọ lọ́rùn. Wọ́n kọ́kọ́ dán àwọn ọmọ onísùúrù tí oníjà tọ́ wò. Ìkan sá, méje tó kù dúró. Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí àwọn ọmọ oníjà. Èkíní gé. Èkejì gé. Ẹ̀kẹta dúró, ó gbóòórùn ìbọ̀wọ́, ó sì gun orí rẹ̀. Bàbá ka ẹẹ́wàá, wọ́n tún un kà. Nígbà tí wọ́n parí, mo ti kọ “ó gé” lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo sì ti kọ “ó dúró” lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá gba ìwé náà, wọ́n ṣí i sẹ́yìn, wọ́n ń fi ìka tọ ilà. Ó ti tó ìran méjì tí a kò ti rí ẹyọ kan tó dúró ní ilé oníjà.

“Mẹ́ta nínú mẹ́jọ,” Bàbá sọ. “Kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfo. Ọmú onísùúrù ń ṣe nǹkan kan. N ò gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.” Wọ́n wo Àǹtí Ràbí. “Mo máa gbé ìwé yìí fún ọ̀gá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó yẹ kó mọ̀.”

Àǹtí Ràbí di ojú. Ìyá mi ti ń sọ pé àwọn á lọ gbé omi kaná. Bí mo bá pa ẹnu mọ́, ìgbéyàwó ti dé. Ṣùgbọ́n mo ń wo ìwé náà lábẹ́ apá Bàbá. Irọ́ tó bá wà láàárín ilé wa, èmi àti Àǹtí á jọ máa gbé e. Èyí tó bá dé orí tábìlì ọ̀gá wọn, iṣẹ́ Bàbá ló máa bà jẹ́, Bàbá kò sì ní mọ̀ pé irọ́ ni àwọn gbé lọ.

“Bàbá,” mo sọ, “mo ti ń gbé wọn.”

“O ti ń gbé kí ni?”

“Àwọn ọmọ oníjà. Láàárọ̀. Mo ń fọwọ́ ra wọ́n lára.”

Bàbá bọ́ ìbọ̀wọ́. “Ta ló ní kí o ṣe é?”

“Èmi ni,” Àǹtí Ràbí dáhùn láti ẹnu ọ̀nà.

Bàbá jókòó sórí agolo epo kan. “A ò mọ nǹkan kan nígbà náà,” ni wọ́n wí. “Ó lè jẹ́ ọmú, ó lè jẹ́ ọwọ́ Sìdí. A ò mọ̀. Àdéhùn wa ti bàjẹ́, Ràbí.” Wọn kò bínú, ìyẹn ló burú jù. Lónìí, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, mo máa sọ pé ọwọ́ mi ni. Ọmú nìkan kì í fi bẹ́ẹ̀ yí irú eku bẹ́ẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ìwé ló sọ ìyẹn fún mi, kì í ṣe àwọn mẹ́jọ yẹn. Àǹtí Ràbí ń sunkún láìsí ohùn, tépù sì ń mì lọ́rùn wọn.

Ìyá Àgbà ló sọ̀rọ̀. Oríkì ni wọ́n fi ń pe bàbá mi. “Àjàní, nígbà tí o bá fẹ́ mú eku tó máa bímọ, kí lo máa ń ṣe?”

“Mo máa ń ti ọwọ́ bọ inú àgò ni, Ìyá.”

“O kì í bi í léèrè bàbá rẹ̀?”

“Rárá. Òun fúnra rẹ̀ ni mo ń wò.”

“Àwọn tí ẹ kọ́kọ́ kó wá láti inú obì, èwo ló ti ìdílé sùúrù wá nínú wọn?”

“Kò sí.”

“Àwọn náà lo fi kọ́ ilé onísùúrù.” Ìyá Àgbà dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn. “Ọmọ ènìyàn wà ní Ìkẹjà níbí, ẹsẹ̀ la fi ń dé ibẹ̀, ìwọ ń wò ó lára eku. Pè é, kí o wò ó. Kó mú bàbá rẹ̀ dání, kí àwa náà rí eyín rẹ̀.”

Wọ́n wá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Mo ti retí ọkùnrin gíga kan, ṣùgbọ́n Bàbá Olóbì kò ga ju ìyá mi lọ, ohùn wọn sì rọ̀ bíi ti ẹni tó ń bá ọmọ tó ń sùn sọ̀rọ̀. Bọ̀dá Gàníyù dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì jókòó sórí àpótí. Àwọn àgbà kí ara wọn, wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n béèrè òjò. Lẹ́yìn náà Bàbá Olóbì ní, “A gbọ́ pé ẹ wádìí wa. Kò burú. Àwa náà wádìí yín.”

“Kí lẹ gbọ́?” Bàbá béèrè.

“A gbọ́ pé ẹ ń sin eku.”

“Iṣẹ́ ni.”

“Ẹ má bínú, bàbá Ràbí. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń bá eku jà lórí obì. Ẹ̀yin wá lọ ṣa èyí tó burú jù nínú wọn, ẹ ń so wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè burú sí i. Mo bi gbogbo ará ọjà, kò sẹ́ni tó mọ irú ìdílé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ láti mú ìyàwó nílé yìí.”

Bàbá dìde. Ohun tó tẹ̀lé e, n kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí, n kò sì tún gbọ́ ọ mọ́ títí di òní. Wọ́n pariwo. Wọ́n ní ìran mẹ́fà, wọ́n ní ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá àwọn ni eku ti gé, wọ́n ní kò sí ẹyọ ẹnì kan ní gbogbo Agége tó ti béèrè ohun tí àwọn ń ṣe kó tó máa sọ ọ́ káàkiri. Wọ́n fọwọ́ gbá tábìlì, abọ́ omi sì ṣubú. Bọ̀dá Gàníyù gbé e, wọ́n nù ún, wọ́n gbé e padà síbi tó wà. Àwọn ará ilé kejì ti yọjú sí fèrèsé. Bàbá Olóbì jókòó, wọ́n ń gbọ́ ọ, wọn kò tilẹ̀ ká ẹsẹ̀ kò, títí ohùn fi tán lọ́fun Bàbá.

“Ẹ jókòó,” ni Bàbá Olóbì wí. “Wọ́n sọ fún mi pé ẹ kì í bínú. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù ju eku lọ. Ẹni tí kì í bínú, báwo la ṣe fẹ́ mọ ìgbà tí a ṣẹ̀ ẹ́? Ẹ ti bínú báyìí, ẹ sì ti jókòó. Mo lè bá yín dá àna.”

Bàbá wo ọwọ́ tiwọn bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín. Ìyá Àgbà sì ti ń ṣẹ́jú sí ìyá mi pé kí wọ́n gbé obì wá. Ìyá mi gbé e wá nínú àwo. Bàbá Olóbì mú ìkan, wọ́n yí i sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n gbé e sílẹ̀. “Ta ló ta èyí fún yín?”

“Ọjà ni mo ti rà á,” Bàbá sọ.

“Kòkòrò ti wọ inú rẹ̀.”

“Kòkòrò ò sí níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò.”

“Ẹ̀yin yẹ̀ ẹ́ wò? Èmi lẹ ń sọ bẹ́ẹ̀ fún, lórí obì?”

Mo rọra yọ lọ sí ilé ìdáná. Àǹtí Ràbí ti jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò láti òwúrọ̀, wọn kò dáná, wọn kò sì jẹun. Láti ìgbà tí mo ti jẹ́wọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, wọn kò tíì bá mi sọ̀rọ̀.

“Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?” wọ́n béèrè.

“Wọ́n ń jà.”

“Lórí mi?”

“Lórí obì.”

Àǹtí Ràbí gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ díẹ̀ sí i, tí ẹnì kan kò fún ẹnì kejì láàyè. Wọ́n dìde, wọ́n gbé ìkòkò ka iná, wọ́n sì ní kí n lọ bá àwọn pe ìyá wa wá, kí wọ́n wá sọ iye ènìyàn tó máa jẹun.